Abo bẹ́tà mi fara gbọgbẹ́ nígbà tí mo ń múra òun àti akọ sílẹ̀ láti yé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àṣàkẹ́ Mọ́kọ́lá
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní akọ bẹ́tà pupa kan, ẹja kékeré inú gíláàsì tó fẹ́ràn ìjà yẹn, tí ìrù rẹ̀ gbòòrò gan-an, àti abo kan aláwọ̀ aró tí mo dìídì rà nítorí àwọ̀ yẹn. Mo ti ń bọ́ àwọn méjèèjì dáadáa kí wọ́n lè yé. Inú táńkì kan náà ni wọ́n wà, gíláàsì ni mo fi dá a sí méjì, àmọ́ gíláàsì yẹn kò kan ìdérí lókè. Lóru àná abo fò kọjá sọ́dọ̀ akọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn fíltà ni mo ti bá a, ó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, kò mira. Ìpẹ́ ti bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ọwọ́ òsì, ibẹ̀ ń pọ́n, ìrù rẹ̀ sì ti fà ya kélekèle.

Ohun tó wá ń dààmú mi ni pé ikùn rẹ̀ ṣì kún fún ẹyin, ojú ihò funfun tí ẹyin ń gbà jáde ti yọ síta. Akọ ní tirẹ̀ ti kọ́ ìtẹ́ ìfófó sí igun táńkì, ó ń ṣọ́ ọ. Ṣé kí n tọ́jú abo kí ẹyin yẹn ṣòfò ni, àbí kí n jẹ́ kó yé ná, kí n wá tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn? Mo ní kápúsù tetracycline nílé, èyí tó pupa tó tún yẹ́lò yẹn. Ṣé kí n tú u sómi?

Bọ̀dá Oníke
Àǹtí, ẹ má tú nǹkan kan sómi o! Ẹ kọ́kọ́ yọ abo kúrò lójú akọ ná.

Àgbẹ̀ Ẹja Abẹ́òkúta
Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ọ̀rọ̀ ẹyin ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ torí òun ló ń lé yín. Ẹyin inú abo bẹ́tà kì í ṣòfò bẹ́ẹ̀ yẹn. Tí kò bá rí akọ tó máa gbá a mọ́ra, ara rẹ̀ á fa ẹyin náà padà tàbí kó tú díẹ̀ dà sílẹ̀, á sì tún ní òmíràn bí oúnjẹ bá ń lọ déédéé. Ẹ ò pàdánù nǹkan kan tí ẹ bá dúró.

Ẹ wá wo ohun tí yíyé bẹ́tà jẹ́. Akọ á ká ara rẹ̀ mọ́ abo, á fún un pọ̀, ẹyin á máa bọ́, akọ á máa fẹnu ṣà á lọ sínú ìtẹ́. Léraléra ni wọ́n á ṣe é fún wákàtí mélòó kan, kí wọ́n sì tó bẹ̀rẹ̀ rárá, akọ á ti lé abo kiri, á ti bù ú jẹ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ tí ìpẹ́ ti bọ́ yẹn gan-an ni akọ máa fún. Tí ẹ bá fi í síbẹ̀ báyìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ẹyin o, àmọ́ ẹ lè má rí abo mọ́.

Tetracycline, ẹ gbé e padà sí dúrọ́ọ̀. Bí omi yín bá le, kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ á dì mọ́ oògùn náà, kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù á lọ máa pa àwọn kòkòrò rere inú fíltà tó ń bá yín jẹ amóníà, ìyẹn májèlé tó ń ti ìgbẹ́ ẹja wá. Omi á pọ́n, amóníà á gòkè, ẹja tí egbò kò pa, omi á pa á. Àti pé kápúsù kan tí èèyàn ń fojú wọ̀n sómi, ìwọ̀n rẹ̀ kì í tó láti pa kòkòrò àìsàn tán, ńṣe ló ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa fara da oògùn.

Ohun tí mo máa ṣe bó bá jẹ́ tèmi nìyí. Ẹ wá ike tí kò tíì fojú kan ọṣẹ rí, kó gba lítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ má rọ omi rẹ̀ jìn, kó má ju ìwọ̀n gígùn àtẹ́lẹwọ́ lọ, torí bẹ́tà máa ń gòkè wá mí afẹ́fẹ́ lójú omi, èyí tí ara ń ro kò yẹ kó máa rin ìrìn àjò kó tó mí. Iyọ̀: ṣíbí tíì kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ sí lítà márùn-ún. Ìyẹn súnmọ́ gíráàmù kan sí lítà kan. Ẹ yọ́ ọ sínú ife lọ́tọ̀ kí ẹ sì máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀, kó tó ìdajì ọjọ́ kí gbogbo rẹ̀ tó wọlé tán. Lójoojúmọ́, ẹ da nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta omi nù, kí ẹ fi omi tuntun rọ́pò rẹ̀, kí gbígbóná wọn jọra. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í rèé: omi ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Omi tuntun tí ẹ fi rọ́pò èyí tí ẹ dà nù nìkan lẹ máa fi iyọ̀ sí. Tó bá jẹ́ pé omi gbẹ lọ sílẹ̀ ni ẹ fi ń bù sí i, omi lásán ni kí ẹ bù.

Àṣàkẹ́ Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣé gan-an ni, bọ̀dá. Mo ti gbé e sínú ike. Ṣé iyọ̀ inú kíṣìnì náà dára? Wọ́n ní àfi iyọ̀ tí kò ní ayodíìnì.

Àgbẹ̀ Ẹja Abẹ́òkúta
Ẹ lò ó. Ayodíìnì inú rẹ̀ kéré jù láti ṣe ẹja ní nǹkan kan. Èyí tí wọ́n ti po ata àti magí mọ́ ni kí ẹ sá fún.

Bàbá Àrọ̀ Ìkòròdú
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ò mọ bẹ́tà o, àrọ̀ ni mo ń sìn. Tí ìyá àrọ̀ bá bó lára, permanganate, oògùn tó ń pa kòkòrò, la fi ń wẹ̀ ẹ́, kí omi ní àwọ̀ elésè àlùkò díẹ̀, a ó sì yọ ọ́. Ọmọ mi, dán an wò. Kí o sì jẹ́ kí omi náà gbóná dé ọgbọ̀n lórí ìwọ̀n Celsius, egbò máa ń tètè jinná nínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Àmọ́ ohun tí arákùnrin Abẹ́òkúta sọ yẹn, òótọ́ ni: ìyá tó lọ́gbẹ́ lára, èmi kì í gún un lábẹ́rẹ́ tó ń mú ẹja yé. Mo máa ń dá a padà sínú adágún kọ́ńkéré, kó lọ sinmi.

Tèmi Tòótọ́
Ṣé bẹ́tà náà ń gba abẹ́rẹ́ ni? 😂

Bàbá Àrọ̀ Ìkòròdú
Ìwọ ọmọ yìí.

Àdùkẹ́ Peckham
Bàbá, ẹ kú àgbà o, mo kúnlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi. Lórí permanganate, ìyá àrọ̀ yín á wọn kílò méjì, kílò mẹ́ta. Bẹ́tà kò tó gíráàmù márùn-ún. Nínú ike lítà mẹ́wàá, ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó ń wo ẹja sàn àti èyí tó ń jó o níbi tó fi ń mí kò tó èyí tí èèyàn lè fojú wọ̀n. Ẹni tí kò ní sikéèlì tó lè wọn ohun tí kò tó gíráàmù kan, kó fi í sílẹ̀.

Lórí gbígbóná omi, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí àǹtí Àṣàkẹ́ fara balẹ̀ sí. Nǹkan méjì ló máa ń funfun lójú egbò ẹja. Ọ̀kan ni èbu gidi, irun rẹ̀ máa ń gùn, ó máa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú omi bí òwú. Èkejì ni bakitéríà tí wọ́n ń pè ní columnaris. Ìyẹn máa ń tẹ́ mọ́ ara, ó máa ń funfun bàìbàì tàbí kó ní àwọ̀ eérú, etí rẹ̀ lè yẹ́lò díẹ̀, ó sì fẹ́ràn kó tẹ́ lé ẹ̀yìn ẹja tàbí kó bẹ̀rẹ̀ létí ẹnu. Omi gbígbóná lòun ń fẹ́. Bí ẹ bá gbé omi lọ sí ọgbọ̀n nígbà tó jẹ́ columnaris, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó lè gbé ẹja lọ. Torí náà ẹ fi omi sí 26, ẹ má gbé e ga títí ẹ ó fi mọ ohun tó wà lójú egbò yẹn.

Níbí ní Lọ́ńdọ̀nù o, èèyàn kò lè wọ ṣọ́ọ̀bù kó ra oògùn apakòkòrò bíi tetracycline fún ẹja láìjẹ́ pé dókítà ẹran ló kọ ọ́. Ó kọ́kọ́ ń bí mi nínú. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé omi tó mọ́, iyọ̀ díẹ̀ àti sùúrù ló ti ń gbà mí lọ́wọ́ ohun tó pọ̀ jù.

Bàbá Àrọ̀ Ìkòròdú
Mi ò bínú rárá, Àdùkẹ́. Ẹja yín ló kéré.

Àṣàkẹ́ Mọ́kọ́lá
Mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́. Pípọ́n yẹn ti lọ sílẹ̀. Nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ti bo ojú ibẹ̀, ó mọ́ gaara débi pé mo ṣì ń rí ẹran ara lábẹ́ rẹ̀, kò hu irun, kò sì tóbi ju egbò fúnra rẹ̀ lọ. Ìrù tó ya yẹn náà, etí rẹ̀ ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò ní àwọ̀. Ó jẹun láàárọ̀ yìí.

Àdùkẹ́ Peckham
Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn o! Awọ tuntun ló ń bo ojú rẹ̀. Ilà tí kò ní àwọ̀ létí ìrù, lẹbẹ tuntun ló ń hù, àwọ̀ á tẹ̀ lé e tó bá yá. Èyí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ rí ni kí etí ìrù dúdú tàbí kó pọ́n, kó sì máa kúrú sí i lójoojúmọ́. Ìjẹrà ìrù nìyẹn.

Bọ̀dá Oníke
Ibi tí mo fẹ́ fẹnu sí rèé. Àǹtí, ẹ wo àdúgbò yín bóyá igi fúrúǹtù wà níbẹ̀, igi tó ń ṣe ìbòòji níwájú ilé táwọn ọmọdé máa ń sọ òkò sí yẹn. Ewé rẹ̀ tó ti gbẹ tó já bọ́ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ṣà, kì í ṣe tútù, kì í ṣe èyí tó wà létí títì tàbí níbi tí wọ́n ń fọ́n oògùn sí. Ẹ fi omi ṣan eruku rẹ̀ dànù, kí ẹ fi ewé kan sí nǹkan bí ogún lítà. Fún ike yín, ìdajì ewé ti tó. Omi á ní àwọ̀ tíì. Àwọn tó ń sìn bẹ́tà ní Thailand, níbi tí ẹja yìí ti wá, kò fi ewé yìí ṣeré. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó gidi ni wọ́n ń gbà lórí ewé kan ṣoṣo, àwa ń gbá a dànù láràárọ̀. Ó ń dín kòkòrò inú omi kù díẹ̀, ẹja sì máa ń balẹ̀ nínú omi tó ṣókùnkùn díẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tèmi Tòótọ́
Dóńgóyárò ńkọ́? Ìyẹn pọ̀ lẹ́yìnkùlé wa.

Bọ̀dá Oníke
Rárá o! Dóńgóyárò tó bá ki nínú omi máa ń pa ẹja. Ẹ fi sílẹ̀ fún ibà.

Ẹlẹ́ja Ìjẹ̀bú
Kí ẹ má rí mi fín o, àmọ́ kí ló dé tí ẹ fi ń da ara yín láàmú? Akọ ti kọ́ ìtẹ́. Ẹ ra abo mìíràn, kí wọ́n yé, kí èyí máa jinná ní tirẹ̀.

Àgbẹ̀ Ẹja Abẹ́òkúta
Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú, ọ̀rọ̀ gidi ni. Bó bá jẹ́ ọmọ bẹ́tà lásán ni èèyàn ń wá, èmi náà á gba abo mìíràn. Àwọ̀ aró ni àǹtí ń wá. Abo tuntun náà kò sì ní ti ọjà bọ̀ kó wọ táńkì akọ lọ́jọ́ kan náà. Ó yẹ kó dá wà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ká lè mọ̀ bóyá ó kó àìsàn wá, kí a sì bọ́ ọ kó ní ẹyin. Ẹ kà á wò, ó lè máà yára ju èyí tó ń jinná nínú ike lọ. Ìtẹ́ akọ kò tó nǹkan, òní ni yóò kọ́ ọ, ọ̀la ni yóò túká, yóò sì tún un kọ́.

Àṣàkẹ́ Mọ́kọ́lá
Abo yìí ni mo fẹ́. Kí ni kí n máa fún un jẹ? Oúnjẹ oníhóró ni mo ní. Iná tí wọ́n ń mú lọ mú bọ̀ kò jẹ́ kí n lè fi kòkòrò sínú fírísà.

Bọ̀dá Oníke
Ẹ má fi kòkòrò tó ti yọ́ tó tún dì bọ́ ẹja, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Tanwíjí ni kí ẹ wá. Ẹ gbé korobá omi síbi ìbòòji lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ewé gbígbẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀fọn á wá yé síbẹ̀. Tí tanwíjí bá ti ń jà rànyìn nínú rẹ̀, ẹ fi asẹ́ gbọ́n wọn, kí ẹ ṣàn wọ́n nínú omi tó mọ́, kí ẹ tó fún ẹja. Mélòó kan láàárọ̀, mélòó kan nírọ̀lẹ́, èyí tí yóò jẹ tán kíá. Ti inú gọ́tà, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ ò mọ ohun tí wọ́n dà síbẹ̀. Kí ẹ sì máa gbọ́n korobá yẹn tán kí wọ́n tó di ẹ̀fọn o, kí ẹ má lọ sin ibà fún àdúgbò nítorí ẹja kan.

Àdùkẹ́ Peckham
Oúnjẹ tó ń kún ojú egbò náà ló ń di ẹyin, àǹtí. Ẹ má rò ó bí iṣẹ́ méjì. Àkókò tó ń jinná yìí náà ni àkókò ìmúrasílẹ̀ rẹ̀. Ẹ máa bọ́ akọ náà bákan náà ní tirẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ yà sọ́tọ̀ ni ojú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wo ara wọn báyìí. Ẹ fi aṣọ tàbí páálí bo ẹ̀gbẹ́ ike yẹn. Ẹja tó ń rí ẹni tó bù ú jẹ lójú lójoojúmọ́ kò ní sinmi. Tí ara rẹ̀ bá ní ilà tó sùn gbalaja láti orí dé ìrù, ẹ̀rù ló ń bà á. Èyí tí ẹ ń retí ni ilà tó dúró ròó láti ẹ̀yìn dé ikùn. Abo tó gbà láti yé lẹ̀ ń rí yẹn.

Àṣàkẹ́ Mọ́kọ́lá
Ọyẹ́ ti ń mú ní Ìbàdàn o, òru máa ń tutù. Hítà kan ni mo ní, ọ̀dọ̀ akọ ló wà, iná pàápàá kò sì dúró.

Ẹlẹ́ja Ìjẹ̀bú
Ẹ gbé ike náà sínú kúlà, èyí tí wọ́n fi ń gbé ohun mímu lọ síbi ìnáwó. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Bí iná bá lọ, omi inú rẹ̀ kò ní tètè tutù. Bí kò bá sí pọ́ǹpù tó ń fẹ́ atẹ́gùn, ẹ má fòyà, bẹ́tà ń mí láti òkè.

Àgbẹ̀ Ẹja Abẹ́òkúta
Kúlà yẹn dára gan-an. Ẹ ṣáà máa rí i pé omi tuntun tí ẹ fẹ́ bù sí i ti wà nínú yàrá kan náà láti àná. Bó bá jẹ́ omi bọ́họ̀ọ̀lù, ẹ bù ú kalẹ̀ kó tó ọjọ́ kan, kí ẹ máa rò ó, torí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò ní atẹ́gùn tó, irin inú rẹ̀ sì máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ bó bá dúró. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń rùn bíi kiloríìnì, ọjọ́ kan sí méjì nínú ohun tó ṣí lẹ́nu.

Àdùkẹ́ Peckham
Àwa tí a wà lókè òkun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ní ọ̀pọ̀ ìlú níbí, chloramine, ìyẹn kiloríìnì tí wọ́n pò mọ́ amóníà, ni wọ́n ń lò, òun kì í tètè fẹ́ lọ bíi kiloríìnì lásán. Àfi ká fi oògùn pa á.

Àṣàkẹ́ Mọ́kọ́lá
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀gbẹ́ abo ti dì! Ìpẹ́ tuntun ti ń dán lójú ibẹ̀, ó kàn mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ ni. Ìrù kò tíì gùn tó ti tẹ́lẹ̀. Ikùn rẹ̀ ti tún kún. Ṣé ó yá?

Àgbẹ̀ Ẹja Abẹ́òkúta
Ìrù kò di yíyé lọ́wọ́, ẹ̀gbẹ́ ni mo ń wò. Tó bá ti dì, tí kò pọ́n mọ́, tó sì ń sáré wá sójú ike nígbà tí ẹ bá dé, ó ti ń yá. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán rọ́pò omi oníyọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ wá tún táńkì ìyé tò lọ́tọ̀. Omi ibẹ̀ kó jìn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní 27 tàbí 28. Ẹ má da òkúta sí ìsàlẹ̀, torí ẹyin tó bá jábọ́ sáàárín òkúta, akọ kò ní rí i ṣà. Ẹ gé ife fóòmù sí méjì kí ẹ fi ìdajì rẹ̀ léfòó lójú omi, abẹ́ rẹ̀ ni akọ á kọ́ ìtẹ́ sí. Ní igun kejì, ẹ di ewéko tàbí òwú ìhunṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí síbẹ̀, kí abo ríbi sá pamọ́ sí. Ibi ìsápamọ́ yẹn ló ń dá ẹ̀mí abo sí ju ohunkóhun lọ.

Bàbá Àrọ̀ Ìkòròdú
Báwo wá ni wọ́n á ṣe rí ara wọn láìjà?

Bọ̀dá Oníke
Gíláàsì àtùpà, bàbá! Àtùpà elépo tó wà nílé àwọn ìyá àgbà yẹn, gíláàsì rẹ̀ tó ṣí lókè tó ṣí nísàlẹ̀. Ẹ fọ èéfín rẹ̀ kúrò láìlo ọṣẹ, kí ẹ gbé e dúró sínú táńkì akọ kó ga kọjá ojú omi, kí ẹ rọra da abo sínú rẹ̀. Akọ á rí i, á máa fẹlá yí i ká, á sì padà lọ kọ́ ilé, kò ní lè kàn án. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá. Bí ilà òòró bá yọ lára abo tó sì ń dorí kodò fún akọ, ẹ rọra fa gíláàsì sókè. Ẹni tí kò bá ní àtùpà, kó gé ìgò ohun mímu oníike lórí àti nídìí.

Àdùkẹ́ Peckham
Ẹ má ṣe é nírọ̀lẹ́ kí ẹ wá lọ sùn o. Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ wà nílé ni kí ẹ yàn. Akọ á lé e, á bù ú díẹ̀ nírù, ìyẹn kò burú. Bó bá ń padà sí ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn ṣáá, tàbí tí ìpẹ́ bá tún ń bọ́, ẹ yọ abo, kí ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n bá yé tán, akọ á máa lé e kúrò lábẹ́ ìtẹ́, abo á sá lọ sí igun. Ẹ yọ ọ́ nígbà náà, kí ẹ dá a padà sínú ike oníyọ̀ rẹ̀ àti kúlà.

Àṣàkẹ́ Mọ́kọ́lá
Mo ti rí gíláàsì àtùpà lọ́dọ̀ ìyá wa. Wọ́n ní ṣé iná kò tún sí ni. Àwọn ọmọ ẹja ńkọ́, kí ni wọ́n ń jẹ? Ẹnì kan ní kí n máa fi pupa ẹyin adìyẹ bọ́ wọn.

Àgbẹ̀ Ẹja Abẹ́òkúta
Pupa ẹyin á ba omi jẹ́ kí wọ́n tó yó. Ẹyin bẹ́tà máa ń pa láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Àwọn ọmọ á fi ìrù kọ́ lábẹ́ ìtẹ́ fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọ́n ń jẹ ohun tó wà ní ikùn wọn, akọ á sì máa ṣà wọ́n padà bí wọ́n bá jábọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ń wẹ̀ gbalaja, ẹ yọ akọ. Ẹ fi ewé fúrúǹtù sí táńkì láti ìsinsìnyí lọ, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí á ti máa pọ̀ lára rẹ̀, òun ni oúnjẹ ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, Artemia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ìyẹn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ bí edé tí wọ́n ń ta ẹyin rẹ̀ ní gbígbẹ. Kí ẹ sì máa de táńkì lérí, kí afẹ́fẹ́ òkè omi má tutù, ní pàtàkì lásìkò ọyẹ́ yìí.

Àṣàkẹ́ Mọ́kọ́lá
Artemia kẹ̀? Odidi agolo ni wọ́n ń tà, ó sì wọ́n!

Bàbá Àrọ̀ Ìkòròdú
Ibi tí tèmi dé nìyí. Gbogbo àwa tí à ń pa ọmọ àrọ̀ ló ń lò ó. Lọ bá oníhatchery tó bá súnmọ́ ọ ní Ìbàdàn níbẹ̀, mú ike kékeré tó gbẹ dání, sọ fún un pé ṣíbí mélòó kan lo fẹ́ rà nínú agolo tó ti ṣí. Bí o bá délé, omi lítà kan, iyọ̀ gíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ọgbọ̀n, kí pọ́ǹpù máa fẹ́ ẹ gidi, síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ọjọ́ kan péré, ó ti pa. Fi asẹ́ aṣọ sẹ́ ẹ, fi omi lásán ṣàn án kí iyọ̀ rẹ̀ má baà wọ táńkì, kí o sì yọ èèpo rẹ̀ tó léfòó kúrò. Èyí tó kù, ibi gbígbẹ tó tutù ni kí o tọ́jú rẹ̀ sí, ọ̀rinrin máa ń bà á jẹ́.

Tèmi Tòótọ́
Bàbá ti di onígíláàsì báyìí. Ẹ jẹ́ ká mú bẹ́tà méjì wá fún wọn ní Ìkòròdú.

Bàbá Àrọ̀ Ìkòròdú
Ẹ mú un wá. Àmọ́ mi ò ní jẹ́ kó súnmọ́ kọ́ńkéré àwọn àrọ̀ mi o, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n á gbé e mì.